Ẹ Dá Bàbá Wáyà Lóhùn

Mo ti lọ́kọ o. Ó pé oṣù méjì lónìí, mi ò sì sọ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé mi ní gbogbo Sátidé, ẹ má bínú. Inú mi ń dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná, àmọ́ ẹnì kan ló ní kí n ṣì pa ẹnu mọ́, ẹni náà sì ti kú. Bàbá mi ni.

Wọ́n kú lọ́jọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìgbéyàwó mi, nínú yàrá ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti fi ọdún mẹ́tàlélógún sìn. Bàbá Wáyà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n. Àwọn ló kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kan fi ń bá ti òmíràn sọ̀rọ̀, kí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín lè tètè dé ọwọ́ dókítà. Bí ẹ bá ti gba èsì láàárín wákàtí kan rí, ẹ ti bá bàbá mi pàdé nìyẹn. Ẹ kàn ò kí ara yín ni.

Ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà, torí náà wọ́n máa ń rọra ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún mi. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kì í fi odindi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Á gé e wẹ́wẹ́, á kọ nọ́ńbà sára ègé kọ̀ọ̀kan, á wá rán wọn lọ. Ègé tó bá ti gúnlẹ̀, kọ̀ǹpútà tó gbà á gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Ó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́." Bí kò bá dáhùn, èyí tó rán an á tún un rán.

Mo ní, "Tí kò bá wá dáhùn rárá ńkọ́, Bàbá?"

"Á jẹ́ pé ó ti kú nìyẹn."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ lẹ́tà pé kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ fún àwọn ní ìsinmi ọjọ́ márùn-ún, torí ìgbéyàwó ọmọ. Wọ́n kọ nọ́ńbà sórí lẹ́tà méjèèjì, bí iṣẹ́ wọn ṣe kọ́ wọn. Ọ̀gá ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó tí a kọ́kọ́ dá kọjá, èkejì náà kọjá. Ìgbéyàwó kì í dúró de lẹ́tà títí ayé, la bá gbé ìgbéyàwó lọ bá wọn. Ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó wà ní òdìkejì títì sí ilé iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ní ogójì ìṣẹ́jú láti fi jẹun ọ̀sán.

Wọ́n gbé fóònù ilé iṣẹ́ lé itan bí ẹni gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn. Bí akọ̀wé ṣe bi mí bóyá mo gba káfíńtà yìí lọ́kọ, ni fóònù dún. Mo pariwo "Mo gbà!" débi pé àwọn tó wà ní ìta rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ pa á. Ẹ tún un tàn." Wọ́n padà wọlé.

Wọ́n bi ọkọ mi pé, "Ṣé ó ti gbà?"

"Ó ti gbà, sà."

"Ìwọ náà dá a lóhùn?"

"Mo dá a lóhùn, sà."

"Ó parí. Ìlà ti dúró." Wọ́n fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. "Ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí n gba ìsinmi ná, ká wá fi ariwo tì í lẹ́yìn." Wọ́n sáré sọdá títì. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ lẹ́tà kẹta, wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára máa ń dáhùn. Ọ̀gá tó ní akọ̀wé méjì ò dáhùn. Nínú àwọn méjèèjì, èwo ló ti kú?

Lọ́jọ́ tí wọ́n kú, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni wọ́n tẹ ìlà ìkẹyìn sórí kọ̀ǹpútà. Aago méjì ọ̀sán ni ìyá tó ń gbálẹ̀ rí wọn nílẹ̀. Nínú yàrá yẹn, bí ẹ̀rọ kan bá gbóná díẹ̀, iná pupa á tàn ní ọ́fíìsì ọ̀gá. Bàbá mi ń tutù lọ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin, iná kankan ò tàn. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n gbé wọn gbà jáde. Ìyá tó ń gbálẹ̀ nìkan ló ti ibi iṣẹ́ wá síbi ìsìnkú.

Lọ́jọ́ kẹta tí a sin wọ́n, fóònù ilé iṣẹ́ tí ìyá tó ń gbálẹ̀ bá wa kó wá pẹ̀lú ẹrù wọn dún lórí tábìlì wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ẹ̀ka mìíràn ni.

"Bàbá Wáyà, ẹ gbà wá o! Ìlà ti já!"

"Ọmọ wọn nìyí. Wọ́n ti kú."

"Háà! Ọ̀gá ní wọ́n lọ fún ìsinmi ni! Orúkọ wọn ṣì wà lára ìwé ìpín iṣẹ́ lára ògiri. Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọlọ́run á tù yín nínú." Ó tún ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé wọ́n fi páswọ́ọ̀dù sílẹ̀?"

Ọkọ mi ní, "Sọ fún un pé wọ́n mú un dání lọ."

Ẹ bá mi dúpẹ́: wọ́n fún bàbá mi ní ìsinmi níkẹyìn. Kí ló dé tí ọ̀gá fi purọ́? Ṣé kí àwọn ilé ìwòsàn má baà mọ̀ pé èèyàn kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo ẹrù náà ni?

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Wọ́n ní kí Bàbá Wáyà ṣàlàyé ìdí tí wọn ò fi wá síbi iṣẹ́, kí wọ́n sì dáhùn láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta. Torí náà, wọ́n mọ lẹ́tà á kọ.

Kí ọ̀gá náà dìde níwájú òṣìṣẹ́ rẹ̀, kó sọ pé Bàbá Wáyà ti kú, àti pé ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n kú sí. Kó sọ ẹni tó gba lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ibi tó kó wọn sí. Kí wọ́n yọ orúkọ yẹn lára ògiri, kí wọ́n fi ti èèyàn méjì síbẹ̀, torí ẹni tó jókòó sórí àga bàbá mi lónìí lè ní ọmọbìnrin tó fẹ́ relé ọkọ.

Ní tèmi, mi ò ní fi ayọ̀ mi pamọ́ mọ́. Bàbá mi ní ká fi ariwo tì í lẹ́yìn, a ó sì pariwo. Ọkọ mi ti kan ogún bẹ́ǹṣì sí àgbàlá wa, ó sì kan àga méjì síwájú. Ọ̀kan á ṣófo. Èkejì jẹ́ ti ọ̀gá náà, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn lójú gbogbo yín. Mo ti fi ìwé ìpè rẹ̀ ránṣẹ́. Mo kọ nọ́ńbà sí i lórí: ẹ̀kẹrin.

Ọjọ́ tí bàbá mi kọ sínú lẹ́tà kẹta ni a mú fún àríyá ìgbéyàwó náà. Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá, aago mọ́kànlá àárọ̀.