Bí Fàdìlàt Ṣe Rí Inú Kókó Gbòǹgbò

Ewé àgbàdo ló gún Fàdìlàt lójú òsì lóko bàbá rẹ̀, nítòsí Lálúpọn, nígbà tó ṣì kéré. Wọ́n sáré gbé e dé ọsibítù, àmọ́ ojú ti lọ. Láti ìgbà náà, bó bá ń bu omi sínú ife, yóò kọ́kọ́ fìka kan etí ife, torí ojú kan kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níléèwé títí ó fi sú wọn.

Nígbà tó jáde ní poli, ó ríṣẹ́ sí ibùdó ìwádìí kan n'Íbàdàn. Aràn kan tó ń wọ gbòǹgbò tòmátì, tó ń mú kó wú kókó-kókó, ni wọ́n ń wá ìdí rẹ̀ níbẹ̀.

Dókítà Ẹkúndayọ̀, ọ̀gá wọn, fọwọ́ nu ojú. "Fàdìlàt, má bínú. Iṣẹ́ maikirosikópù tí a fi ń wo ohun tínńtín yìí gba ojú méjì. Máa bá wa fọ ìgò ná."

"N ó fọ ìgò, sà. Ṣùgbọ́n èyí tó ní kámẹ́rà lórí yìí, ojú mélòó lòun ní?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀kan ni."

"Báwo lẹ ṣe wá ń fi í rí inú nǹkan?"

Ó ṣàlàyé fún un. Wọ́n á ri kókó náà mọ́ inú àbẹ́là tí wọ́n yọ́, tó bá ti dì, wọ́n á gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó máa fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Wọ́n á ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà á wá tò wọ́n léra, bí ẹni ń to búrẹ́dì gígé padà sínú ọ̀rá, títí odidi kókó á fi dúró, tí èèyàn á lè máa yí i wò tinú-tòde.

"Ẹ jẹ́ kí n dán an wò, sà."

Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́: àwọn tó gé ká kò, òmíràn lẹ̀ mọ́ abẹ. Nínú èkejì, fọ́tò pé, ṣùgbọ́n wọn ò bára mu; ohun tó yọ lójú kọ̀ǹpútà wọ́ bí ògiri tó fẹ́ wó.

"Fi í sílẹ̀ jàre," ni Títílọpẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wí.

"Tí n bá fi í sílẹ̀, ta ni yóò parí ẹ̀?"

Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Nígbà tó tún máa ri òmíràn mọ́ àbẹ́là, ó na òwú dúdú méjì gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó náà. Báyìí, gbogbo fọ́tò ló ní àmì dúdú méjì. Ó ń fi àmì bá àmì mu. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ojú ń ta á, ó ń sinmi díẹ̀, ó tún ń padà sídìí ẹ̀.

Kókó náà dúró. Ó yí i. Aràn náà rèé lóòótọ́, ikùn rogodo, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí àdó. Ó tún yí i díẹ̀, òmíràn sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Aràn méjì nínú kókó kan!

Ọ̀gá wò ó pẹ́. "Ṣe òmíràn sí i. Ẹyọ kan ò tó ẹ̀rí." Ó wá fi kún un pé, "Ẹ wá ẹlòmíì tí yóò máa fọ ìgò."

Lọ́jọ́ Sátidé, Fàdìlàt lọ sílé, ó fi àwòrán náà han ìyá rẹ̀, Mùsílímátù, lójú fóònù rẹ̀, nídìí agbada gàrí.

"Subuhánálláhì! Èyí ló ń pa tòmátì wa? Báwo la ṣe máa lé e?"

"Mi ò tíì mọ̀, Màámi. Ibi tó sá pamọ́ sí la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀."

Ìyá nu ọwọ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó fa tòmátì tó ń rọ kan tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. "Mú u lọ. Wo tiwa náà."

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Fàdìlàt ti ń yọ́ àbẹ́là.