Síkúrù Ìkẹyìn Ọkọ̀ Ojú Irin Jacques

Ilé Étienne Fádáhùnsí wà lẹ́bàá ọ̀nà Kamina ní Atakpamé, níbi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ilé náà, ìró irin ni kó tẹ́tí sí. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ lórí túrù, ẹ̀rọ tó máa ń fi ẹnu di irin mú, tó ń yí i, tí ọ̀bẹ sì ń gé e díẹ̀díẹ̀. Ilé iṣẹ́ òwú kan ló ti kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa, ó ra ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́ wọn, ó gbé e sábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé. Irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìṣó tirẹ̀ lára ògiri. Òróró ní igun tirẹ̀, àkísà ní igun tirẹ̀.

Ẹ̀rọ ìlọta tó ń tún ṣe ni aráyé mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí òun àti àbúrò rẹ̀, Jacques, fẹ́ràn jù ni ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Kò gùn ju apá àgbàlagbà lọ, ó sì jọ èyí tó máa ń dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin Agbonou nígbà tí bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Eré ọwọ́ ni, àmọ́ omi gidi ni yóò máa hó nínú ikùn rẹ̀, ooru omi náà ni yóò sì máa tì í.

Jacques kú kí ọkọ̀ náà tó parí. Láàárọ̀, ó ní àyà ń dun òun. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ó ti lọ.

Étienne kò sunkún. Kì í ṣe pé ó ń pa ẹkún mọ́ra. Omijé kàn kọ̀, kò wá. Ó bá wọn gbé pósí, ó da erùpẹ̀ sí i, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àlùfáà. Láti ìgbà náà, ó ń jẹun láìmọ̀ bóyá wọ́n fi iyọ̀ sí i tàbí wọn ò fi sí i. Àwọn ẹbí ń sọ pé ọkàn rẹ̀ le bí òkúta. Ó gbọ́.

Nígbà tí Mísà ìrántí ọdún kan ń sún mọ́lé, Noëlle, opó Jacques, wá bá a. Aránṣọ ni obìnrin náà.

"Fòfó," ló wí, bí wọ́n ṣe máa ń pe ẹ̀gbọ́n ní Atakpamé, "mo fẹ́ kí ọkọ̀ yẹn rìn lọ́jọ́ Mísà. Mo ti sọ fún àwọn ará Akparé, abúlé wa, pé á rìn. Gbogbo Sátidé ni mo fi ń gbọ́ ariwo rẹ̀, mi ò sì rí i kó rìn rí."

"Ó ku ẹyọ kan, Ìyàwó," Étienne dáhùn. "Á rìn."

Ẹyọ tó kù ni síkúrù kan, ọ̀pá idẹ tín-ín-rín tí yóò máa ṣí ooru omi, tí yóò sì máa sé e. Jacques ti ṣe nọ́ọ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú. Inú nọ́ọ̀tì yẹn gan-an ni ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ wọ̀. Ìlà tó yí i ká gbọ́dọ̀ sún mọ́ra ju eyín ìyarun lọ. Bí ọ̀pá bá tóbi jù, kò ní wọlé. Bó bá kéré jù, ooru á máa jò. Ibi tí ìlà náà sì parí sí ni idẹ ti nípọn bí èjìká. Bí ọ̀bẹ bá kọlu èjìká yẹn, iṣẹ́ bàjẹ́.

Nítorí náà, àwọn méjèèjì kì í fi iná yí ẹ̀rọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Jacques ló máa ń fi ọwọ́ yí i, tí á máa wo àmì ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fà sára ẹ̀rọ. Étienne á gbájú mọ́ ẹnu ọ̀bẹ. Bí ọ̀bẹ bá ti dé ojú àmì, Jacques á ní, "Ó tó," Étienne á sì fà á sẹ́yìn. Nígbà míì Jacques á fi kún un pé, "Fòfó, bí ẹ bá jẹ èjìká yìí pẹ́nrẹ́n, ọkọ́ ni màá rà fún yín, kí ẹ lọ máa kọ ebè ní Akparé."

Idẹ tó dára tó ṣẹ́kù kò lè ju ọ̀pá méjì lọ. Étienne di èyí àkọ́kọ́ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Ó fi ọwọ́ òsì yí i, ó fi ọ̀tún ṣọ́ ọ̀bẹ. Ìlà náà kọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ó dá a padà, ó tẹ ọ̀bẹ wọlé díẹ̀ sí i, ó tún gé e. Ìlà ń jinlẹ̀, ó ń dán. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ọ̀bẹ ń lọ bá èjìká, ọwọ́ òsì Étienne ń yí, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀bẹ, etí rẹ̀ sì ń dúró. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀bẹ kọlu èjìká, ẹnu rẹ̀ ṣẹ́, ó fa ìlà náà ya.

Ó gbá èérún idẹ jọ, ó so ìgbálẹ̀ kékeré padà kọ́ ìṣó rẹ̀. Ibẹ̀ ni Noëlle bá a nígbà tó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá.

"Kí ló dé?"

"Mò ń dúró kí Jacques ní ó tó."

Noëlle gbé abọ́ sílẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ náà. "Kí ni ó máa ń ṣe gan-an?"

Étienne fi hàn án.

"Kò ju ìyẹn lọ? Ojoojúmọ́ ni mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, kí abẹ́rẹ́ má bàa kọjá igun kọ́là. Ẹ sún díẹ̀ fún mi, Fòfó."

"A kì í tú idẹ bí a ṣe ń tú aṣọ, Ìyàwó. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù."

"Ẹ ò mọ àwọn oníbàárà mi ni. Wọn kì í jẹ́ kí n tú tiwọn náà."

Étienne di ọ̀pá kejì mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ó pọ́n ọ̀bẹ mìíràn. Noëlle ń yí i. Nígbà tó dé ojú àmì, ó ní, "Ó tó," ṣùgbọ́n ọwọ́ Étienne kò mira, nítorí kì í ṣe ohùn tó mọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ nìkan ló dúró.

"Mo ti dúró o, Fòfó. Ẹ fà á."

Ó fà á. Lẹ́yìn ìyẹn Noëlle kò sọ̀rọ̀ mọ́. Á yí i, á dá a dúró, Étienne á sì mọ̀ ọ́n nínú ìka rẹ̀ pé irin ti dákẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe é títí oúnjẹ fi tutù. Nígbà tó yá, Étienne nu ọ̀pá náà, ó mú nọ́ọ̀tì Jacques, ó yí i lé e. Ó ń wọlé láìle, láìmì, títí ó fi kan èjìká. Noëlle ń wo ojú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó yí padà.

Lẹ́yìn Mísà, wọ́n to irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọkọ̀ náà yóò gbà sí àgbàlá, wọ́n dá iná, omi hó. Étienne fi ọwọ́ kan ṣí ọ̀pá idẹ náà, ọkọ̀ náà mí, ó gbéra, ó rìn yí àgbàlá ká. Àwọn ará Akparé pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà kan bú sẹ́kún, Noëlle náà sì fi ìborùn bojú.

Étienne bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró. Ó fi ìka kan ìdí nọ́ọ̀tì Jacques, ó wo ìka náà. Ó gbẹ.

"Kò jò," ló wí.

"Mo gbọ́, Fòfó," Noëlle dáhùn.

Étienne tún da omi sí ikùn ọkọ̀ náà, kó lè tún rìn.