Málọmọ́ Kì Í Ka Ọmọ

Ẹni tí ó bá bi mí léèrè ohun tí ó ti yí padà ní ilẹ̀ wa, n kò ní ka ìṣirò kankan fún un. Orúkọ ni n ó pè. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní abúlé àwa Ifẹ̀ ilẹ̀ Togo, ní ẹ̀bá Glei, kò sí kíláàsì tí kò ní Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́ nínú. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, Jules, Noëlle àti Elvis ni wọ́n kún inú rẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì kan. Ikú ọmọdé ti rẹ̀yìn. Àwọn kan ń sọ pé ọmọ ti pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè yìí. Kí wọ́n wá sọ ọ́ níwájú mi.

Málọmọ́ tí mò ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí ni ẹni ìkẹyìn tí mo mọ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ náà. Ìyá rẹ̀ sin ọmọ púpọ̀ kí ó tó bí i. Àlejò kan tí ó fẹ́ yìn ín ni ó ka àwọn ọmọ náà sókè, gẹ́gẹ́ bí ìyá náà ti máa ń sọ, ikú sì gbọ́ iye wọn. Málọmọ́ kò gbàgbé. Ẹ̀bá títì ni ó ti ń ta iṣu fún àwọn èrò ọkọ̀ Lomé, kò sì sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ nínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í pé ọmọ mélòó ni ó bí, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó ní: “Wọ́n wà.” Gbogbo wọn sì wà lóòótọ́, kò sin ọ̀kan rí.

Báyìí ni gbogbo ìyá abúlé ṣe ń dáhùn. Àwọn Kabiyè tí wọ́n ti òkè wá ro oko lọ́dọ̀ wa, àti àwọn Ewe tí wọ́n fẹ́ ọmọ wa, ti kọ́ ìdáhùn náà lẹ́nu wa.

Ìdáhùn náà ni ó wá fẹ́ kó bá Bùsáyọ̀, ọmọbìnrin Málọmọ́. Ó yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n Glei ni ilé ẹ̀kọ́ girama tí a ń pè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wà, ọ̀nà sì jìn, àwọn ọkọ̀ ńlá sì ń sáré àsápajúdé níbẹ̀. Ògúnyínká bàbá rẹ̀ pinnu pé bí kò bá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì nítòsí kí ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà yóò lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Lomé. Málọmọ́ ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní kékeré. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń fọ̀.

A kọ̀wé béèrè fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Gaël, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọ́físì ẹ̀kọ́ rán láti Atakpamé, dé, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. “Màdáàmù, ẹ má bínú. Àwọn ìyá yín kò sọ iye ọmọ wọn fún àwọn tí ó wá ka ènìyàn. Lójú ọ́físì, abúlé arúgbó ni abúlé yín.” Ó ní kí a kó àwọn ọmọ jáde lọ́jọ́ ọjà tí ń bọ̀, kí òun kà wọ́n ní orí kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ìyá fárígá. Mo bá wọn wí, mo pariwo, mo fi ìwé ẹ̀rí mi halẹ̀. Etí dídi ni wọ́n fi gbọ́. Ìgbà tí mo dákẹ́ ni Málọmọ́ bi mí léèrè ní jẹ́jẹ́: “Màdáàmù, ṣé ọmọ ni wọ́n fẹ́ kà, àbí ibi tí ọmọ yóò jókòó?”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwa méjèèjì ti kárí gbogbo agboolé.

Ní ọjọ́ ọjà, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ìjókòó tirẹ̀ wá sábẹ́ igi máńgòrò, a sì lé wọn lọ sí odò kí ẹnikẹ́ni má baà ka orí wọn. Àpótí ni, agolo ni, gbòǹgbò igi ni, odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ni. Wọ́n kún abẹ́ igi, wọ́n kún iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń yọ sí títì. Gaël gbà láti ka ìjókòó dípò orí. Mo ti dàgbà, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi kò gbélẹ̀. Ta ni ó mọ̀ pé a ti pọ̀ tó báyìí?

Bàbá Fágbénró, àgbà onílẹ̀, dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní kí a ṣa ti àwọn àlejò kúrò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ifẹ̀ kò lè jókòó lórí àpótí ẹni tí ó gbé ọkọ́ lé èjìká dé lánàá. Ojú Gaël rẹ̀ wálẹ̀. Bí a bá ṣa wọ́n, a kò ní tó iye tí ọ́físì ń béèrè.

Málọmọ́ kúnlẹ̀ kí i. “Bàbá, ẹ̀yin lẹ nílẹ̀. Ẹ fọwọ́ ara yín mú ti àlejò jáde fún wa.”

Bàbá wò títí. Níkẹyìn, ó fi ọ̀pá kan àpótí kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀.

“Ti ọmọ Carole nìyẹn,” ni Léonie, aládùúgbò Carole, wí. Carole ni ọmọ bíbí inú Bàbá, Kabiyè ni ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀rín gba abẹ́ igi. Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò, ó sì rọra jókòó sórí àpótí náà. “Ẹ ka èmi náà mọ́ ọn,” ni ó wí. “Ikú ti mọ iye tèmi tipẹ́.”

Gaël ka àwọn ìjókòó náà sókè ní èdè Faransé. Àwọn ìyá fi ọwọ́ di etí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fún wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ògúnyínká wà lára àwọn tí wọ́n gé igi òrùlé rẹ̀. Ní ọjọ́ tí a ṣí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè láti Lomé pé ìgbà wo ni ọmọ ń bọ̀. Ògúnyínká ń kólòlò. Málọmọ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Tàǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Bùsáyọ̀ kò ráyè, ó wà ní kíláàsì. Ẹ máa fọ aṣọ yín lọ.”