Igi Ìdáná Àwọn Ọmọ Jéléósinmi

Dahomey ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà tí èmi àti ọkọ mi kó láti Ìṣẹ́yìn lọ ta aṣọ ní ìlú Dásà lọ́hùn-ún. Jéléósinmi tí ọmọ wa ń lọ níbẹ̀ ń bí mi nínú. Orin Faransé àti eré orí àpáta ni ṣáá, ọmọ kò dá lẹ́tà kan mọ̀! Mo bú madáàmù tó ń kọ́ wọn títí ẹnu fi ń ro mí.

Nígbà tó yá, ibà dá mi dùbúlẹ̀, gbogbo ohun tí mo bá jẹ ni mo ń bì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, madáàmù kó àwọn ọmọ wá, kálukú ru igi ìdáná kékeré, ọmọ tèmi ló ṣíwájú. Obìnrin náà ní ọmọ Dásà kì í fi ọwọ́ lásán kí aláìsàn.

Mo dúpẹ́. Igi jéléósinmi tí mo ń bú ni wọ́n fi se oúnjẹ àkọ́kọ́ tó dúró nínú mi.