Ẹsẹ̀ Kan ní Sátidé Kan

Èmi àti Anti Èékánná la jọ háyà ṣọ́ọ̀bù. Èmi ń ṣe irun lápá ọ̀tún, òun ń ṣe èékánná lápá òsì, dígí ńlá kan ló sì wà níwájú àwa méjèèjì. Ọdún kọkànlá rèé. Tí ẹ bá na ọwọ́ sí i, kó tó fọwọ́ kan kútẹ́sì, á ti mọ ọjọ́ tí ẹ gé èékánná kẹ́yìn, á sì mọ̀ bóyá eyín lẹ fi gé e. Kì í purọ́ lórí èékánná. Lórí nǹkan mìíràn, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún èmi tí mo mọ̀ ọ́n.

Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Òun àti bàbá ọmọ ti kọ ara wọn sílẹ̀, àdéhùn wọn sì ni pé Sátidé kan ti bàbá, Sátidé kejì ti ìyá. Ìyàwó tí bàbá wá fẹ́ ti lo ọdún mẹ́fà nílé, síbẹ̀ Ìyàwó Tuntun ni Anti Èékánná ń pè é, kò sì sẹ́ni tó láyà láti tún un ṣe fún un.

Ọmọ yìí ń sin ehoro dúdú kan tó sọ ní Alága. Èékánná Alága náà dúdú kirikiri. Lọ́dún tó kọjá, Anti Èékánná gé e bó ṣe ń gé ti èèyàn, kò wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ dé nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ jáde, ọmọ bú sẹ́kún, Alága gé oníṣẹ́ èékánná jẹ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, Ìyàwó Tuntun ló ń gé e. Ọmọ á gbé Alága sínú apẹ̀rẹ̀, ó di ilé bàbá. Nígbà tó yá, gbogbo Sátidé ló ń lọ, àti ti bàbá àti ti ìyá.

Owú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀rẹ́ mi. Tó bá ti di Sátidé, kútẹ́sì á máa ta sí oníbàárà lára.

"Èmi tí mò ń fi èékánná jẹun," ló máa ń wí, "kí obìnrin tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì wá mọ̀ ọ́n gé jù mí lọ."

"Sọ fún ọmọ pé kó dúró tì ọ́," mo dá a lóhùn.

"Kí n máa bẹ ọmọ tí mo bí? Ó mọ ọ̀nà ilé."

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé kan, ọmọ gbé Alága wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn iléèwé. Ehoro náà ń fò kiri lórí táìlì, èékánná rẹ̀ ń ró, mo sì rí i tí Anti Èékánná tẹ́tí. Ó gbé Alága sórí itan, ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Sátidé tó kọjá ni wọ́n gé ẹsẹ̀ yìí. Èyí ti pé ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí, mẹ́ta. Tẹ̀yìn yìí ti tó oṣù kan." Ó wo ọmọ. "Ẹsẹ̀ kan ní Sátidé kan?"

"Anti ilé Dádì ní kò yẹ ká gé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pé ó máa rẹ Alága."

"Èékánná méjìdínlógún péré. Mo ń ṣe ogún kí omi tó hó."

Mo yíjú sẹ́yìn kó má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu mi. Ọgbọ́n ọ̀rẹ́ mi gan-an ni. Oníbàárà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dùn, Anti Èékánná á ṣe ọwọ́ fún un lónìí, á ní kó padà wá ṣe ẹsẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyàwó Tuntun kò sì bímọ. Òun náà ń wá ẹni tó máa padà wá. Mo rò pé ìyẹn á rọ ọ̀rẹ́ mi lọ́kàn díẹ̀. Rárá o, ńṣe ni ojú rẹ̀ le sí i.

Ní Fúráìdé, tí Sátidé tirẹ̀ ku ọ̀la, ó ní kí n bá òun di Alága mú. Mo fi táwẹ̀lì wé e, mo jẹ́ kí orí rẹ̀ yọ síta. Ọmọ ń tan tọ́ọ̀ṣì sí èékánná láti ìsàlẹ̀ kí ibi tí ẹ̀jẹ̀ dé lè hàn, ìyá rẹ̀ sì ń gé ṣóńṣó èékánná náà díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ tí Ìyàwó Tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kò tiẹ̀ nílò gígé mọ́, ṣùgbọ́n ó fi fáìlì ha á, ó ní iṣẹ́ náà rí gbágungbàgun. Ẹsẹ̀ mẹ́ta parí láìsí ẹ̀jẹ̀. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀.

Ó ku ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, èyí tí èékánná rẹ̀ gùn jù. Anti Èékánná gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀.

"Ó ti rẹ Alága," ló wí, kò wo ojú mi. "Ká fi èyí sílẹ̀ di ọ̀la."

Ọmọ pa tọ́ọ̀ṣì. "Mọ́mì, kò rẹ̀ ẹ́. Anti náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Kì í rẹ Alága."

Mo rí ojú ọ̀rẹ́ mi nínú dígí, ìtìjú bò ó. Èmi náà kò mọ ibi tí mo máa wò. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ehoro ló ń wò.

"Dúró tì mí lọ́la."

"Ẹ ò sọ ọ́ rí," ni ọmọ wí. Ó tún tan tọ́ọ̀ṣì. "Ó dáa, Mọ́mì. Ẹ gé e tán."

Èékánná mẹ́rin péré ló wà lẹ́sẹ̀ náà. Ó pẹ́ lórí wọn ju ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù lọ, nítorí kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ jáde.