Igbe Láti Òdìkejì Títì

Tí òjò bá rọ̀ lóru tí oòrùn sì mú lọ́jọ́ kejì, òórùn ààtàn ọ̀nà Ìgàndó máa ń wọlé tọ̀ wá ní Ìkòtún láìkan ilẹ̀kùn. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, o gbé àdúgbò yẹn rí. Òórùn yẹn, pẹ̀lú èéfín jẹnẹrétọ̀ àti búrẹ́dì tí wọ́n ń yan nísàlẹ̀, ni mo máa ń fà símú bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn káfẹ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí mo ti lọ fi ojú bàbá mi ta tẹ́tẹ́. Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, jàre. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá bá mi. Fìlà ló ń fọwọ́ rán láti kékeré, ó sì máa ń fi yangàn pé òun ò bẹ ẹnikẹ́ni rí kó bá òun ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Kò dùn ún, kò yún un, ó kàn ń ṣókùnkùn láti ẹ̀gbẹ́ wá ni, òun náà sì rò pé àgbà ló ń dé. Nígbà tí mo fi máa mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kan ní Ìgàndó, obìnrin náà sọ fún wa pé ọ̀tún ti fọ́, pé omi inú ojú ló ń tì í pa láti inú wá, òun kan náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òsì. Ó ní àwọn máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. “Ẹ má jẹ́ kí oṣù yìí parí lórí ẹ̀ o,” ló wí. “Èyí tó bá ti lọ, a ò lè dá a padà mọ́.”

Bàbá mi ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó kù fún un nílé, ó kó owó náà fún mi nínú ọ̀rá dúdú. “Bá mi tọ́jú ẹ̀,” ó ní. “Mi ò mọ igba náírà yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mọ́.” Owó náà kò sì pé. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló ṣẹ́kù kó tó pé, owó tí mò ń gbà níbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní àdúgbò Command kò sì ju oúnjẹ àti owó ilé lọ. Mo tọ àwọn ẹbí lọ, kálukú ń sọ tirẹ̀. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo kọ̀ǹpútà nìyẹn.

Tẹ́tẹ́ tèmi kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọmọ Ìkòtún ń tò sí, níbi tí wọ́n ti ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì gígùn fúnni. Ọjà ni tèmi, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà, ènìyàn ló ń tà, ènìyàn ló ń rà. Bó o bá rò pé ẹgbẹ́ kan máa borí, o lè ra ìborí wọn lọ́wọ́ ẹni tó rò pé wọn ò lè borí, bí bọ́ọ̀lù bá sì ṣì ń lọ lórí pápá, o lè tún un tà fún ẹlòmíì. Kí wọ́n tó gbá góòlù wọlé, ọ̀pọ̀ ni. Bó bá ti wọlé báyìí, ó di ọ̀wọ́n. Ra á lọ́pọ̀, tà á lọ́wọ̀n-ọ́n, bí ẹni ń ṣòwò gààrí. Ẹni tó máa borí nígbẹ̀yìn ò kàn ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà lókè òkun ló yá mi ní àkáǹtì ẹ̀: èmi á san náírà fún ìyá ẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, òun á fi pọ́n-ùn sí i lọ́hùn-ún.

Àṣírí mi sì wà ní òdìkejì títì. Tẹlifíṣọ̀n inú káfẹ̀ máa ń pẹ́. Ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní ọ̀ọ́kán wa ń lo dikódà míì, àwòrán tiwọn máa ń ṣáájú tiwa. Bí wọ́n bá pariwo góòlù lọ́hùn-ún, mo máa ka oókan dé ẹẹ́fà kí n tó rí i níbí. O ò rí i? Etí mi ti mọ ohun tí ojú mi ò tíì rí. Mo wá ń jókòó síbi fèrèsé, mo ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ọwọ́ mi wà lórí máòsì. Bí wọ́n bá ti ké “Yéèèè!” báyìí, mo ti rà. Lọ́pọ̀ ìgbà ọjà náà á ti tì kí tèmi tó wọlé, torí àwọn tó ni ín kì í ṣe òpè. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń bọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi rí èrè díẹ̀díẹ̀ lórí owó táṣẹ́rẹ́, orí mi sì wú. Mo rò pé mo ti gbọ́n ju àwọn òyìnbó lọ ṣá.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin tí a máa padà sọ́dọ̀ dókítà, mo kó gbogbo owó inú ọ̀rá dúdú lọ fún ìyá ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo ẹ̀ pátá. Àwọn aláṣọ búlúù tí ìdajì Ìkòtún ń tẹ̀lé máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án Sátidé. Mo sọ fún ara mi pé góòlù kan péré ni mo nílò, owó á pé, mi ò sì ní débẹ̀ mọ́ láyé mi. Nígbà tí mo ń jáde, bàbá mi ti kírun àílà tán, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé fìlà kan sún mọ́ imú.

“Níbo lò ń lọ?”

“Mo fẹ́ lọ wá èyí tó kù nínú owó yẹn ni, Bàbá.”

“Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn fún ẹ.” Àdúrà ló fi sìn mí débẹ̀ o.

Bọ́ọ̀lù ti lé ní wákàtí kan, ẹnikẹ́ni ò tíì gbá nǹkan wọlé. Lórí tẹlifíṣọ̀n káfẹ̀, aláṣọ búlúù kan ń sáré lọ sójú ilé àwọn tí wọ́n ń bá gbá. Ariwo sọ níta. Háà, ariwo! Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí látìgbà tí mo ti ń jókòó síbẹ̀. Wọ́n ń hó, wọ́n ń fò, ẹnì kan ń lu páànù. Mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo owó náà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà ò tì, kò dá a padà. Ó yẹ kí n fura níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn ni. Mo ń kà: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Mo dé ẹẹ́fà, aláṣọ búlúù gbá bọ́ọ̀lù, ó lọ sókè réré. Mo dé ẹẹ́wàá, gólì ń rọra gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ariwo ò sì tíì dákẹ́ níta.

Ìyá tó ni káfẹ̀ dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú oríire o! Iná ti dé! Ẹ jẹ́ kí n lọ pa jẹnẹrétọ̀.”

Iná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni tiransifọ́mà àdúgbò ti jó. A dáwó jọ láti tún un ṣe, èmi náà san tèmi. Jẹnẹrétọ̀ ń dún, fáànù ń yí lórí mi, mi ò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Mo gbé! Ariwo ayọ̀ tí èmi náà dáwó sí ni mo fi ra ìborí tí kò sí.

Síbẹ̀, mo ṣì lè jáde, èyí ló ń dùn mí jù. Òfin iṣẹ́ yẹn ò ju ọ̀kan lọ: bó o bá ti mọ̀ pé o ṣì í, tà á lójú ẹsẹ̀, kí o fara mọ́ àdánù kékeré. Èmi gan-an ni mo máa ń fi kọ́ àwọn tó ń bi mí. Mo gbé ọwọ́ sórí máòsì. Ṣùgbọ́n bí mo bá tà á, owó tí kò pé tẹ́lẹ̀ á tún dín sí i, kí ni mo fẹ́ sọ fún dókítà? Mo ní kí n dúró díẹ̀. Bí ìṣẹ́jú ṣe ń lọ ni iye rẹ̀ ń já wálẹ̀, èmi náà ń sọ pé ìṣẹ́jú kan sí i. Ẹ̀wù ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Mò ń bẹ Ọlọ́run, mò ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un, kó ṣáà ti jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan wọlé.

Nígbà tó yá, òdìkejì títì dákẹ́. Kì í ṣe pé ariwo dínkù o, ó dákẹ́ pátápátá, ó dà bíi pé wọ́n ti tú ká nílé. Mo mọ ohun tó jẹ́. Mo mọ̀ ọ́n ṣáájú gbogbo àwọn tó wà nínú káfẹ̀, kò sì sí nǹkan kan tí mo lè fi ṣe. Mo jókòó, mo ka oókan dé ẹẹ́fà, lẹ́yìn náà ni mo rí i tí bọ́ọ̀lù wọ ilé àwọn aláṣọ búlúù. Nígbà tí fèrè máa fi dún, kò sí ẹyọ kọ́bọ̀ nínú àkáǹtì.

Mo parọ́ fún bàbá mi pé dókítà rìnrìn àjò. Mo ta fíríìjì, mo ta fóònù, mo yáwó kiri, oṣù mẹ́ta ló tó kí owó pé. Dókítà tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí i lójú òsì, ó pa á, ó tún tàn án. “Bàbá, apá ibo ni iná wà?” Bàbá mi rọra yí orí. “Ṣé ẹ ti tàn án ni?” Obìnrin náà fi tọ́ọ̀ṣì sápò.

Lórí bẹ́ǹṣì ìta níbẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́, tí mo ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Bàbá mi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. “Mo mọ̀ pé dókítà ò lọ síbì kankan,” ó ní. “Ohùn ẹ ti yí padà láti ọjọ́ Sátidé yẹn.”

“Kí ló dé tí ẹ ò bi mí, Bàbá?”

“Mo rò pé o ṣì ń wá owó náà ni.”

Ọ̀dọ̀ mi ló wà títí dòní. Àwọn èèyàn máa ń bi mí ìdí tí mi ò fi ń bá wọn wo bọ́ọ̀lù mọ́, mo máa ń sọ pé kò wù mí ni. Etí tó ń ṣáájú ojú ni mo pè ní ọgbọ́n nígbà yẹn. Etí nìkan ni mo wá fi sílẹ̀ fún bàbá mi. Bí iná bá ti lọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan tó wá dé lójijì, tí gbogbo àdúgbò hó yèè, ọwọ́ mi á máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Bàbá mi á sì gbójú sókè lórí àga rẹ̀, lábẹ́ gílóòbù tó ti tàn gan-an.

“Ṣé iná ti dé?”

“Ó ti dé, Bàbá.”

“Alhamdulillahi,” á wí, á sì máa bá àwọn tó ń pariwo níta rẹ́rìn-ín.