Ìyá Ìyàwó Mi Nínú Ọkọ̀ Tí Ikùn Rẹ̀ Ń Gbálẹ̀

Ẹnu ọ̀nà ilé ara mi ni ewu náà ti kọ́kọ́ hàn sí mi. Mo ti kírun Súbùùhì tán, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa ní Olympia Fields, mo sì ń rọra fi ẹ̀yìn gbé ọkọ̀ jáde láti àgbàlá wa bọ́ sí títì. Níbi tí àgbàlá ti pàdé títì, ilẹ̀ da gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá láìmọ̀ pé ó da gẹ̀rẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀. Mo gbọ́ ariwo kan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ṣíbí irin ha ìdí ìkòkò. Mo tẹ bíréèkì, mo sì dúró bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ.

Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé. "Bàbá Fárídà, kí lẹ gbá?"

"Ilẹ̀ ni," ni mo dá a lóhùn.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe tèmi. Tèmi ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti ọjọ́ mẹ́rin, jíà rẹ̀ ló kọṣẹ́. Sọ́díìkì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Homewood, ló yá mi ní tirẹ̀ kí n lè lọ gbé ìyá ìyàwó mi wá láti Naperville. Ọmọ dáadáa ni Sọ́díìkì, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, àmọ́ ó ti yọ sípíríǹgì tó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá, ó fi èyí tó kúrú sí i, kí ọkọ̀ lè sún mọ́ ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ibí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ó máa ń wu ojú. Nílé lọ́hùn-ún, ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ máa ń wá èyí tó ga, kó lè la àgbàrá àti kòtò kọjá. Níbí, ènìyàn á sanwó kí wọ́n bá a rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà á wá máa bẹ̀rù gbogbo kòtò tí ìgbà òtútù gbẹ́ sójú títì Chicago.

Nígbà tó ń kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ka òfin ọkọ̀ náà fún mi.

"Uncle, tẹ́ ẹ bá rí bump, ẹ má fi iwájú gùn ún o. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí táyà kan kọ́kọ́ gùn ún."

"Bíi ti akàn?"

"Exactly, bíi akàn. And please, Uncle, ènìyàn méjì péré. Ẹ má kó ẹrù sẹ́yìn rárá, táyà máa fi ara ha ọkọ̀."

Ó wá fi pákó pẹlẹbẹ méjì hàn mí nínú búùtù. Ibi tí àgbàlá bá ti ga jù, ó ní kí n tẹ́ ẹ síwájú táyà kí n tó gùn ún.

Mo ní, "Èyí ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo máa rí tó ń gbé àtẹ̀gùn tirẹ̀ kiri."

"Uncle, ẹ ti ń yọ mí lẹ́nu."

Kí ẹ tó máa fi mí rẹ́rìn-ín pé ẹ̀rù ń bà mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, táyà ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ bẹ́ lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Àwa mẹ́rìndínlógún la wọ̀ ọ́, àwa márùn-ún péré la fi ẹsẹ̀ ara wa rìn jáde. Kí táyà náà tó bẹ́, mo gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó. Mi ò sọ̀rọ̀. Èmi ni mo kéré jù nínú ọkọ̀, mo sì rò pé àwọn àgbà tó jókòó níwájú ti gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà, mo máa ń yí táyà po lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wọ ọkọ̀, àní táàsì pàápàá.

Láti ilé wa, mo gba I-57 lọ sí àríwá díẹ̀, mo sì yà sí I-80. Ojú ọ̀nà àwọn tírélà ni I-80. Nínú ọkọ̀ Sọ́díìkì, táyà tírélà ga ju orí mi lọ. Nígbà tí ọ̀kan ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo lè ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára táyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sí I-355, ọ̀nà tí wọ́n ń gbowó ní. Kò sí ẹni tó ń na ọwọ́ sí ènìyàn níbẹ̀ bíi ti tólígéètì wa àtijọ́; ẹ̀rọ ló ń wo ọkọ̀ látòkè tó sì ń yọ owó fúnra rẹ̀. Mo rò ó pé bóyá ẹ̀rọ náà kò ní rí wa nísàlẹ̀ tí a wà, àmọ́ ó rí wa.

Àdúgbò Naperville mọ́ tónítóní, títì rẹ̀ sì tẹ́jú, àfi pé bump márùn-ún ló wà ní òpópónà tí mo ń lọ. Mo ṣe bí akàn lẹ́ẹ̀márùn-ún. Obìnrin òyìnbó kan tó ń fa ajá rẹ̀ dúró wò mí. Ó bi mí bóyá ara mi yá. Mo ní ara mi yá, ara ọkọ̀ ni kò yá.

Ilé Mùkáílà, àbúrò ìyàwó mi, ni ìyá wọn ti lo oṣù mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ni Mùkáílà, ó ti lọ síbi iṣẹ́ ní ọsibítù kí n tó dé. Mọ̀ọ́mi nìkan ló dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Àádọ́rin ọdún lé díẹ̀ ni wọ́n, oníṣòwò obì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sí Ìlọrin. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí wọn, àmọ́ bí mo ṣe ń jáde látinú ọkọ̀ yẹn, mo ti dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì.

Ẹrù wà lẹ́yìn wọn: àpò ìrẹsì méjì, páálí iṣu ńlá kan, gàárì, kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan, àti odó igi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

"Mọ̀ọ́mi, ẹrù yìí..."

"Kékeré ni, ọmọ mi. Mi ò lè wọ ilé yín lọ́wọ́ òfo."

Mo rántí òfin Sọ́díìkì. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ẹnu wo ni ènìyàn fi ń sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé kó dá ẹ̀bùn rẹ̀ padà sínú ilé? Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú búùtù. Mo wá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún wọn, torí mi ò lè fi wọ́n síwájú bí ọmọ ọkọ̀. Wọ́n wọlé bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ sínú kànga. Wọ́n wo òrùlé ọkọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gèlè wọn, wọ́n wo ojú mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọkọ̀ yìí dára o. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ lò ó pẹ́."

Ó yẹ kí n sọ pé kì í ṣe tèmi. Ojú tì mí láti sọ pé tèmi ti bàjẹ́. Mo ní, "Àmín, Mọ̀ọ́mi."

A kò tíì jáde ní òpópónà náà tí ohun kan ti ń ha lẹ́yìn. Ní I-355, bí ọ̀nà bá ti gbé wa sókè díẹ̀, á dún: fàà! Mo wo dígí. Mọ̀ọ́mi ń fa tẹ̀súbáà wọn, ètè wọn ń yára, ojú wọn sì balẹ̀ bí ẹni tó jókòó sí pálọ̀.

"Mọ̀ọ́mi, ṣé ara tù yín?"

"Ara tù mí púpọ̀, ọmọ mi. Ìwọ ńkọ́?"

"Ara tù mí, Mọ̀ọ́mi."

Orí afárá gígùn tó gba òkè odò Des Plaines kọjá ni òórùn náà ti dé. Mo mọ̀ ọ́n. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá. Kò síbi tí ènìyàn lè dúró sí lórí afárá yẹn. Ìsàlẹ̀ jìn, tírélà wà lẹ́yìn wa, ìyá ìyàwó mi sì jókòó sórí táyà náà gan-an. Mo rọra ń wọ́ lọ, mo sì ń ka òpó iná lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀. Mo yà ní ìyànà àkọ́kọ́ tí mo rí, mo wọ ilé epo kan, mo pa ọkọ̀.

"Mọ̀ọ́mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Òórùn kan wà..."

"Táyà òsì ẹ̀yìn ni," ni wọ́n sọ. "Ó ti ń fi ara ha ọkọ̀ láti Naperville."

Mo yíjú padà. "Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ ò sì sọ?"

"Kí n sọ pé ọkọ̀ tuntun tí ọkọ ọmọ mi rà kò dára? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó sórí àpò obì nínú lọ́rì. Mo mọ ohùn sípíríǹgì ju ohùn àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ. Mo kàn ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ kò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Ẹrù ló wúwo jù fún un. Mi ò lè sọ pé kẹ́ ẹ dá ẹrù yín padà."

"O ò jẹ́ wò ó! Ìwọ ń bọ̀wọ̀ fún mi, èmi ń bọ̀wọ̀ fún ọ, à bá sì jọ kú tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀."

Ìgbà yẹn ni mo wá jẹ́wọ́ pé Sọ́díìkì ló ni ọkọ̀.

"Ọkọ̀ ọmọdé!" Mọ̀ọ́mi pàtẹ́wọ́. "O sì jẹ́ kí n máa ṣàdúrà fún un láti àárọ̀!"

Wọ́n ní kí n fa àwọn jáde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fẹ́ ti ìka bọ àárín táyà àti ara ọkọ̀, ìka kan kò wọ̀ ọ́. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Ọkùnrin ará Íńdíà kan tó ń tajà nínú ilé epo náà gbà pé ká kó ẹrù sí yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ títí Mùkáílà á fi ṣíwọ́ iṣẹ́ wá gbé e. Nígbà tó rí odó, ó ní ìyá òun ní irú rẹ̀ nílé, ó sì fúnra rẹ̀ gbé e wọlé bí ẹni gbé ọmọ. Kẹ́ẹ̀gì epo nìkan ni Mọ̀ọ́mi kọ̀ láti fi sílẹ̀. Wọ́n fi í sáàárín ẹsẹ̀ wọn níwájú, níbi tí mo wá gbé wọn jókòó sí. Wọ́n ní kí n lọ yẹ táyà wò. Ìka méjì wọ̀ ọ́.

A rìn jẹ́jẹ́ délé, ariwo náà kò dún mọ́. Bí àwọn tó wà lẹ́yìn bá fun fèrè, Mọ̀ọ́mi á ní, "Jẹ́ kí wọ́n fun ún, tiwọn ni." Nígbà tí a dé àgbàlá wa, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n tẹ́ pákó méjèèjì, wọ́n dúró síwájú ọkọ̀ bí ọmọ lọ́rì: "Máa bọ̀, máa bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀, ó tó!" Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó la ẹnu sílẹ̀. Ilé la dé yẹn, àmọ́ ọkàn mi kò tíì dé, torí mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí inú táyà náà.

Ọjọ́ Sátidé ni a mọ̀. Sọ́díìkì wọ táàsì wá, òun nìkan ló rọra gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Homewood, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀, èmi àti Mọ̀ọ́mi sì fi táàsì náà tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé e sókè. Ẹ̀gbẹ́ inú táyà òsì ti jẹ dé ibi tí okùn rẹ̀ ti yọ síta. Mẹkáníìkì náà fọwọ́ kàn án, ó mi orí. Sọ́díìkì gbé ọwọ́ lérí.

"Uncle, I'm so sorry."

"Ìwọ sọ fún mi, èmi ni mi ò tẹ̀ lé e."

Mọ̀ọ́mi ní kí Sọ́díìkì dá sípíríǹgì àtijọ́ padà. Ó ní, "Grandma, àmọ́ ó fine."

"Ó fine. Gbé e síbì kan kó o máa wò ó. Má gbé ènìyàn sínú rẹ̀."

Wọ́n fi táyà tuntun méjì sí i, wọ́n dá sípíríǹgì padà. Sọ́díìkì ló gbé wa lọ sílé, Mọ̀ọ́mi níwájú, èmi lẹ́yìn. Mọ̀ọ́mi ní láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi ìtìjú dákẹ́ nínú ìdílé wa mọ́. Àwọn fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní ọbẹ̀ tí ìyàwó mi sè lánàá, iyọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Wọ́n wá yíjú sẹ́yìn. Ó kan èmi.

Mo mí kanlẹ̀. "Mọ̀ọ́mi, èmi ò fẹ́ràn iṣu."

Sọ́díìkì dín eré kù.

"Láti ìgbà wo?" ni Mọ̀ọ́mi bi mí.

"Láti kékeré."

"Gbogbo iyán tí mo ti ń gún fún ọ láti ọjọ́ ìgbéyàwó ńkọ́?"

"Mo ń gbé e mì ni, Mọ̀ọ́mi."

Mọ̀ọ́mi káwọ́ lérí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, Sọ́díìkì náà bú sẹ́rìn-ín. Kòtò kan wà níwájú tí kò rí, a sì já sínú rẹ̀. Mo tẹ́tí. Kò sí ohun tó kan ohunkóhun lábẹ́ wa, Mọ̀ọ́mi sì ń rẹ́rìn-ín lọ.